Pírìntà tí kò ní pariwo ní ọ́fíìsì alájọlò: kí lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó rà á?

Ìbéèrè: Àwa méje la jọ ń lo yàrá kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn: agbẹjọ́rò méjì, onísirò owó mẹ́ta, àti àwọn méjì tó ń ṣiṣẹ́ ògbufọ̀. Pírìntà kan ṣoṣo la ní, ariwo rẹ̀ sì ti pọ̀ jù fún ẹni tó bá wà lórí fóònù. Ojú ìwé tí à ń tẹ̀ lóṣù tó 1,500. Inverter là ń lò tí iná bá lọ. Ṣé lésà ni ká rà ni àbí oní-íǹkì? Báwo la ṣe máa mọ èyí tí kò ní pariwo, tí ìwé rẹ̀ á sì mọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ra lésà tó ń tẹ dúdú nìkan, èyí tó lè tẹ ojú ìwé 35 sí 40 ní ìṣẹ́jú kan, tó sì ní ètò tí wọ́n ń pè ní Quiet Mode. Ẹ tan Quiet Mode yẹn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e dé, kẹ́ ẹ má sì pa á mọ́. Tẹ́ ẹ bá máa ń nílò àwọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kékeré oní-táǹkì íǹkì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí mo máa ṣe nìyẹn tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, àfi tí inverter yín ò bá lágbára, mo sì máa dé orí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ariwo yín. Tá a bá pín 1,500 sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, kò tó ojú ìwé 70 lójúmọ́. Ẹ̀rọ tó ń tẹ 40 ní ìṣẹ́jú kan á parí wọn láàárín ìṣẹ́jú méjì. Tó bá tiẹ̀ fi ìdajì eré ṣe é, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Gbogbo ìtẹ̀wé odidi ọjọ́ kan nìyẹn. Kí ló wá ń da ẹni tó wà lórí fóònù láàmú láti àárọ̀ dalẹ́? Ojú ìwé 70 yẹn kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà ni. Lágbájá á tẹ méjì, tàmẹ̀dò á tẹ ọ̀kan, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ náà á ti jí lójú oorun nígbà ogún tàbí ọgbọ̀n. Gbogbo ìgbà tó bá jí ni mọ́tò dígí inú rẹ̀ máa ń yí pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín, tí jíà tó ń yí drum (ọ̀pá roboto tí tónà, ìyẹn ìyẹ̀fun dúdú tí lésà fi ń tẹ̀wé, ń gbà dé orí ìwé) á gbá, tí irin kékeré tó ń tú rólà sílẹ̀ á dún “kà”, tí rólà á fa ìwé, tí fáànù á sì máa fẹ́ lọ lẹ́yìn tí ìwé ti jáde tán, torí ó ń lé ooru fuser, apá tó ń fi ooru lẹ tónà mọ́ ìwé, dànù. Lẹ́tà olójú ìwé kan lè bí ariwo tó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀rọ tó ń jí wọ́ọ́rọ́, tó sì tètè ń dákẹ́, ni kẹ́ ẹ máa wá.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ra èyí tó yára ju bó ṣe yẹ yín lọ ni pé eré ni Quiet Mode ń dín kù, lórí ẹ̀rọ míì dé ìdajì. Tí mọ́tò bá rọra ń yí, ìwé kò ní máa fi agbára gbá ọ̀nà tó ń gbà kọjá, pàápàá níbi tó ti ń yí padà láti tẹ ẹ̀yìn ìwé. Ẹ̀rọ tó ń tẹ 20, tó bá di 10, á sú yín láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹnì kan á sì lọ pa Quiet Mode náà. Ẹ̀rọ tó ń tẹ 40, tó bá di 20, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n lára.

Nípa nọ́ńbà ariwo tó wà nínú ìwé ẹ̀rọ, ẹ ṣọ́ra, torí oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ LWAd sí, tàbí sound power, ni àpapọ̀ ariwo tí ẹ̀rọ náà ń tú jáde. Wọ́n lè fi bel kọ ọ́, bíi 6.5 B, ìyẹn dẹ́síbẹ̀lì 65. Èyí tí wọ́n kọ LpAm sí, tàbí sound pressure, ni ohun tí etí ẹni tó wà ní mítà kan sí ẹ̀rọ náà máa gbọ́, ó sì sábà máa ń fi dẹ́síbẹ̀lì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kéré sí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ kan náà lè jẹ́ 65 lórí ìwé kan, kó jẹ́ 52 lórí òmíràn, kó má sì sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ẹni tó bá fi LpAm pírìntà kan wé LWAd òmíràn lè ra èyí tó ń pariwo jù, kó sì rò pé òun ti ra èyí tó dákẹ́. ISO 7779 ni ìlànà tí wọ́n fi ń wọn ariwo yìí, ISO 9296 ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá dárúkọ wọn nínú ìwé rẹ̀, ẹ lè gbára lé nọ́ńbà rẹ̀ ju ti ẹni tó kàn kọ “ultra quiet” sára páálí.

Dẹ́síbẹ̀lì kì í sì í lọ bí owó. Tó bá fi mẹ́ta lé, agbára ariwo náà ti di ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni etí máa gbọ́ pé ó fi lé. Tó bá fi mẹ́wàá lé, etí á gbọ́ ọ bíi pé ariwo náà ti di ìlọ́po méjì. Lésà ọ́fíìsì tó ń tẹ̀wé lọ́wọ́ sábà máa ń wà láàárín 48 sí 54 ní LpAm. Fún yàrá táwọn èèyàn ti ń gba fóònù, èyí tó bá ti kọjá 52, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wá èyí tó jẹ́ 50 tàbí tó dín, tí Quiet Mode lè mú wálẹ̀ sí 47 tàbí kó tún dín sí i. Ẹ wo ìlà kejì náà, ti ìgbà tó bá kàn wà ní sẹpẹ́ láìtẹ nǹkan kan: kò yẹ kó ju 30 lọ. Tẹ́ ẹ bá rí àmì Blauer Engel ti ilẹ̀ Jámánì lára ẹ̀rọ kan, àmì tó ti wà láti 1978, ohun rere ni, torí wọ́n máa ń wo ariwo ẹ̀rọ àti eruku wínníwínní tó ń tú sínú afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó fún un ní àmì náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé oní-íǹkì kì í pariwo. Apá kan ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́. Kò ní fuser, kò sì nílò fáànù ńlá, torí náà bó bá ti parí iṣẹ́ ló ń dákẹ́. Àmọ́ orí rẹ̀ ń sáré lọ sápá ọ̀tún, ó ń sáré bọ̀ sápá òsì, ìró tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí sì máa ń gba ọkàn èèyàn ju ìró tó ń lọ geere. Nígbà míì tó bá jí, yóò kọ́kọ́ fọ orí rẹ̀ kó tó tẹ ohunkóhun. Àdéhùn olójú ìwé 30 tí lésà tó wà ní Quiet Mode máa parí ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kékeré oní-íǹkì tó ń tẹ 10 á lo ìṣẹ́jú mẹ́ta lórí rẹ̀.

Ibi tí oní-íǹkì ti borí pátápátá ni ọ̀rọ̀ iná. Epson EcoTank L3250, tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa, kì í lò ju nǹkan bíi wáàtì 12 lọ tó bá ń tẹ̀wé. Ti lésà yàtọ̀. Fuser rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bíi ìwọ̀n 180 sí 200 Celsius kí tónà tó yọ́ mọ́ ìwé, nígbà tó bá sì ń gbóná lọ́wọ́, ó lè fa wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kódà tí wọ́n bá kọ 500 sínú ìwé rẹ̀, torí pé 500 yẹn jẹ́ ìpíndọ́gba. Inverter 1.5 kVA tó ti gbé fáànù òkè àti kọ̀ǹpútà méje lè já, ó kéré tán gílóòbù á máa ṣẹ́jú. 3.5 kVA tó jẹ́ pure sine wave (tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba) á gbé e láìsí wàhálà. UPS kékeré tó wà lábẹ́ tábìlì kì í ṣe ibi tí wọ́n ń so lésà mọ́; àwọn tó ń ṣe pírìntà fúnra wọn ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí inverter yín bá kéré, tí kò sì sí owó láti pààrọ̀ rẹ̀, ìmọ̀ràn mi yí padà: ẹ ra oní-táǹkì tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì, èyí tí íǹkì dúdú rẹ̀ jẹ́ pigment, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í yọ́ sínú omi. Íǹkì dye, tí àwọ̀ tiẹ̀ ń yọ́ sínú omi, máa ń tàn tí omi bá kán sí i, ìyẹn kò sì dáa fún ìwé tó ń lọ sí kóòtù. Ẹ tún wò ó bóyá àpótí tó ń gba íǹkì àfọ̀dànù ṣe é yọ kúrò fúnra yín, torí lára àwọn kékeré, inú ikùn ẹ̀rọ ni fóòmù náà wà. Tó bá kún, ẹ̀rọ á takú, ó di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́. Nǹkan kan tún wà tó bá ipò iná wa mu: tí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń tẹ̀wé lọ́wọ́, orí rẹ̀ á dúró láìrí ìbòrí, íǹkì á sì gbẹ sẹ́nu ihò. Bí iná bá ti dé, ẹ tan án kíákíá kí orí náà lè padà sí àyè rẹ̀.

Ká wá dárúkọ ẹ̀rọ. HP LaserJet Pro M404dn ń tẹ ojú ìwé A4 38 ní ìṣẹ́jú kan, ojú ìwé 750 sí 4,000 lóṣù sì ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ dábàá fún un, ibi tẹ́ ẹ wà gan-an nìyẹn. Tónà 59A rẹ̀ ń tẹ nǹkan bí 3,000, 59X ń tẹ nǹkan bí 10,000. Chip wà lára tónà náà, sọ́fítíwià ẹ̀rọ sì lè kọ̀ tónà tí chip rẹ̀ kì í ṣe ti HP, kí ẹni tó bá fẹ́ máa rọ tónà mọ ìyẹn. Kyocera ECOSYS P2040dn ń tẹ 40. Tónà TK-1160 tó ń tẹ nǹkan bí 7,200 nìkan lẹ ó máa pààrọ̀, torí drum rẹ̀ wà fún ojú ìwé 100,000. Brother HL-L2350DW kéré jù wọ́n, 30 ló ń tẹ, tónà rẹ̀ yà sọ́tọ̀, drum rẹ̀ náà sì yà sọ́tọ̀, nǹkan bí 12,000 ni drum yẹn ń gbé. Kyocera ni màá yàn fún iṣẹ́ tiyín, òun tàbí arọ́pò rẹ̀, torí ohun tí ẹ máa ná sórí ojú ìwé kan kéré jù lọ́dọ̀ rẹ̀. Iye ojú ìwé tí mo kọ fún àwọn tónà yìí jẹ́ ti ìdánwò ISO/IEC 19752, tí lẹ́tà kò gbà ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 ojú ìwé lọ. Ìwé ìṣirò owó tó kún fún ìlà àti àpótí eérú á jẹ tónà jù bẹ́ẹ̀.

Àwọn agbẹjọ́rò yín lè fẹ́ èyí tó ní sikánà lórí. Ẹ mọ̀ pé apá tó ń fa ìwé wọlé fúnra rẹ̀ lókè yẹn lè pariwo ju ìtẹ̀wé lọ, Quiet Mode kì í sì í sábà ràn án lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé áàpù tó ń wọn ariwo lórí fóònù. Tí ariwo àyíká ò bá fi nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì mẹ́wàá kéré sí ti pírìntà, àyíká lẹ̀ ń wọ̀n, kì í ṣe pírìntà, ariwo Computer Village ní Ìkẹjà sì ju ti pírìntà èyíkéyìí lọ. Etí àti ọwọ́ lẹ ó lò. Ẹ mú ìwé tiyín dání, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà sùn ná, kẹ́ ẹ wá rán ojú ìwé kan sí i, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń jí. Ẹ tẹ ogún ojú ìwé ní tojú-tẹ̀yìn, ẹ gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀: tí ike náà bá ń gbọ̀n tó ń ró, ìró yẹn á pọ̀ sí i bó ṣe ń dàgbà. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe tán, ẹ wo aago kẹ́ ẹ rí i bí fáànù ṣe máa pẹ́ tó kó tó dákẹ́. Èyí tó bá kọjá ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ronú dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìmọ́tótó ìwé ńkọ́? Ẹ ṣe ojú ìwé àyẹ̀wò kan fúnra yín: ìpínrọ̀ Yorùbá kan ní fọ́ǹtì 8, tó kún fún ẹ̀, ọ́ àti ṣ, àpótí dúdú kan tó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, àpótí eérú kan, ìlà tín-ín-rín kan tó la ojú ìwé kọjá. Àmì abẹ́ ọ gbọ́dọ̀ dá dúró kedere, àmì òkè kò sì gbọ́dọ̀ dà bí eruku. Tó bá rí wúruwùru, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí toner save, tó ń dín tónà kù, tàbí 300 dpi (dpi ni iye àmì kékeré tó ń tẹ̀ sínú ínṣì kan). 600 ni ó kéré jù tí ìwé Yorùbá gbà. Ẹ ká ìwé náà gba àárín àpótí dúdú, ẹ fi àtàǹpàkò ra á. Tí tónà bá ń ṣí, fuser kò gbóná tó, tàbí irú ìwé tí wọ́n yàn nínú ètò kò bá èyí tó wà nínú tíréè mu. Tí àbàwọ́n kan bá ń padà wá lórí ojú ìwé kan náà, ẹ fi rúlà wọn àlàfo àárín wọn. Drum tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 24 á tún un tẹ̀ ní gbogbo mílímítà 75, èyí tó jẹ́ 30 á tún un tẹ̀ ní gbogbo mílímítà 94. Ẹ ó ti mọ̀ bóyá drum ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ tàbí nǹkan míì.

Tó bá jẹ́ tókùnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ nípa iná. Lésà tó ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń jẹ́ fóólì 110 sí 127 nìkan, torí fuser kì í gba méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná 220 wa, ó parí. Transformer tó lè gbé e gbọ́dọ̀ tóbi, òun náà á sì máa kùn nínú yàrá yín tọ̀sán-tòru. Ti Britain tàbí Jámánì ló bá iná wa mu. Ẹ tẹ ojú ìwé ìròyìn ẹ̀rọ náà kẹ́ ẹ rí iye ìwé tó ti tẹ̀. Ìta tó ń dán kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ọ̀rọ̀ ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí ṣe pàtàkì tó ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Níta gbangba, tí ẹ bá sọ jíjìnnà sí i di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi dẹ́síbẹ̀lì mẹ́fà máa dín kù. Nínú yàrá onítáìlì tí ògiri rẹ̀ dán, kò ní tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mítà mẹ́ta sàn ju mítà kan lọ gidigidi. Ẹ má gbé e sí kọ̀rọ̀ tí ògiri méjì ti pàdé, torí àwọn ògiri náà á dá ariwo padà sí yàrá. Ẹ má sì gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù pákó tí inú rẹ̀ ṣófo: ńṣe ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa ń bá a dún bí ìlù. Ẹ kó rìímù ìwé kún inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, tàbí kẹ́ ẹ wá tábìlì tó wúwo, kẹ́ ẹ tẹ́ rọ́bà tó le, tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Fóòmù rírọ̀ ò dáa, torí á jẹ́ kó máa mì. Ẹ kọ ojú ibi tí fáànù ti ń fẹ́ síta sí ògiri, kẹ́ ẹ sì fi àyè sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sílẹ̀. Kọ́tìnnì tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gba lára ìró tín-ín-rín yẹn. Ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù o, ooru á pa á, ìwé á sì máa há.

Waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kẹ́ ẹ fi so ó, kó má jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ẹnì kan ni gbogbo yín ń gbà kọjá. Ẹ fún un ní IP (nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tí kì í yí padà, ẹ tẹ IP náà sínú bíráwúsà, ibẹ̀ lẹ ó ti rí Quiet Mode àti àkókò oorun. Lójú mọmọ, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó sùn. Tó bá ń sùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, gbogbo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló máa jí i. Tí ẹ̀rọ náà bá gba kí ìwé dúró de PIN, ẹ lò ó. Àṣírí oníbàárà àwọn agbẹjọ́rò á wà ní ìpamọ́, èèyàn á sì lè kó iṣẹ́ mẹ́ta jọ kó tó dìde lọ tẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìwé náà ń dá kún ariwo. Lásìkò òjò, ìwé tó ti fa omi máa ń ká, ó máa ń há, tónà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Lásìkò ọyẹ́, ìwé máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn, méjì-mẹ́ta á wọlé lẹ́ẹ̀kan, rólà á máa fà á léraléra. Ẹ má tú rìímù sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa lò ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kó sínú tíréè, kẹ́ ẹ sì fẹ́ ìwé náà dáadáa lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó kó o sí i.

Tí ariwo tuntun bá dé, ẹ fetí sí irú rẹ̀. Ìró bí ẹyẹ tó ń han nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí sábà máa ń wá láti inú tónà tí wọ́n rọ, níbi tí ọ̀bẹ rọ́bà ti ń ha drum gbígbẹ. Ẹ fi tónà míì tó dáa síbẹ̀, tí ìró náà bá lọ, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ìró tó ń lọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀ọ̀rọ̀ nígbà tí ìwé ń gba ẹ̀yìn kọjá jẹ́ ti jíà tàbí búṣì fuser, ìyẹn di ti oníṣẹ́. Tó bá sì ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fa ìwé kan, rọ́bà rólà ti dán tàbí eruku ti bò ó. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ waya rẹ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí fuser lè tutù, ẹ fa tíréè yọ, kẹ́ ẹ fi aṣọ tí kì í já fọ́nrán, tẹ́ ẹ rẹ sínú omi tẹ́ ẹ sì fún dáadáa, nu rọ́bà náà bẹ́ ẹ ṣe ń yí i. Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì nù ún, torí wọ́n máa ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó dá tíréè padà. Tó bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra rólà àti páàdì ìyàwé (èyí tí kì í jẹ́ kí ìwé méjì wọlé pọ̀) tuntun pọ̀, ẹ má pààrọ̀ ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀.